Àdúrà ìdílé tó ń dá ìjà sílẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láfẹ́ńwá, l'Ábẹ́òkúta, là ń gbé. Èkó ni bàbá àwọn ọmọ ti ń ṣiṣẹ́, alẹ́ Fráídè ni wọ́n máa ń dé. Aago márùn-ún ìdájí la máa ń gbàdúrà ìdílé, wákàtí kan gbáko. Àkọ́bí wa, ọmọ ọdún 15, kì í fẹ́ dìde mọ́. Èyí ọdún 6 a máa sùn lórí ìjókòó. Bí bàbá wọn bá dé, wọ́n á ní mi ò tọ́ wọn dáadáa. — Ìyá ọmọ mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ó jọ pé oorun làwọn ọmọ yìí ò sùn tó, kì í ṣe pé wọ́n kọ Ọlọ́run. Wákàtí 8 sí 10 ló yẹ kí ọmọ ọdún 15 sùn. Bó bá sùn ní aago 11 tí ẹ jí i ní 5, wákàtí 6 péré nìyẹn. Diutarónómì 6:7 dárúkọ ìjókòó nínú ilé àti ìrìn lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìdùbúlẹ̀ àti ìdìde, torí náà ìdájí nìkan kọ́.

Ẹ gbé e sí alẹ́, kété tẹ́ ẹ bá jẹun tán, kí ẹnikẹ́ni tó kó abọ́. Ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Kí àbíkẹ́yìn mú orin kan, ìṣẹ́jú 3. Ìwé kíkà, ìṣẹ́jú 3: ìtàn kan lẹ́ẹ̀kan ni kẹ́ ẹ mú nínú Máàkù, kì í ṣe orí kan odidi. Ìtàn ìjì orí 4 (ẹsẹ 35 sí 41) tó fún alẹ́ kan. Bí Yorùbá inú Bíbélì tí Crowther àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀, tó pé ní 1884, bá ń kọ́ wọn lẹ́nu, kí àkọ́bí kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ̀yin sọ ọ́ ní Yorùbá.

Ìṣẹ́jú 4 tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ bi wọ́n pé, "Kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù lọ́sẹ̀ yìí?" Ẹ̀yin náà, ẹ dáhùn. Bí ọmọ bá ní òun fìdí rẹmi nínú ìṣirò, ẹ má jágbe mọ́ ọn níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá jágbe, kò ní sòótọ́ fún yín mọ́. Ẹ fi ìṣẹ́jú 5 tó kù gbàdúrà sí ohun tí wọ́n sọ.

Àdúrà tá a fi ń sọ òkò ọ̀rọ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́: "Olúwa, Ìwọ lo mọ ẹni tó jí ẹran jẹ nínú ilé yìí." Ọmọ kan kì í ṣe àmín sí irú èyí látọkàn wá. Ẹ bá a wí lọ́tọ̀.

Ní Wẹ́sidé, kí bàbá wọn gbàdúrà lórí fóònù, ìṣẹ́jú 5. Sátidé ni kí wọ́n darí ìsìn. Alẹ́ Fráídè, kí wọ́n jẹun kí wọ́n sì sinmi, kì í ṣe ọjọ́ ìgbẹ́jọ́. Bí alẹ́ kan bá fò, ẹ má sọ tọ̀la di ìlọ́po méjì.

ÌBÉÈRÈ: Áńgílíkà ni mí, ìyàwó mi ń lọ sí ìjọ mìíràn. Ibo làwọn ọmọ yóò máa lọ? — Bàbá Ìbejì, Aké

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ fẹnu kò sí ìjọ kan fún wọn, ó kéré tán fún ọdún kan. Bí wọ́n bá ń lọ síbí lọ sọ́hùn-ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọn kì í rí ọ̀rẹ́ tàbí olùkọ́ tó máa mọ̀ wọ́n dáadáa. Kí ẹnikẹ́ni má bú pásítọ̀ èkejì létí wọn. Ẹ dá àkókò oúnjẹ ọ̀sán Sọ́ńdè sí, kí gbogbo yín jókòó ti tábìlì kan.