Họ́mónù wo ló ń ti bípíì Màmá sókè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá mi ní Ọ̀fà ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mẹ́ta, síbẹ̀ kò wálẹ̀, ẹsẹ̀ tún máa ń fà wọ́n lóru. Dókítà kan ní Ìlọrin ní họ́mónù ni, ó fi spironolactone kún un. Kí ló kan họ́mónù nínú bípíì?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí Màmá o. Họ́mónù ni ohun tí ara ń ṣe, tó ń gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ jíṣẹ́ fún ẹ̀yà ara mìíràn. Aldosterone ni họ́mónù yẹn, ẹran kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín ló ń ṣe é. Kò lè dá nǹkan ṣe àfi tí sẹ́ẹ̀lì bá gbọ́ ohun tó ń sọ, torí sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ní nǹkan kan bí etí, òun ni risẹ́pítọ̀, tí aldosterone bá ti lẹ̀ mọ́ ọn báyìí kíndìnrín á di iyọ̀ mú, omi á tẹ̀ lé iyọ̀, pọ̀tásíọ̀mù, ìyẹn èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tí iṣan àti ọkàn ń lò, á bá ìtọ̀ lọ, bípíì á ga, ẹsẹ̀ fífà yẹn náà lè tibẹ̀ wá. Spironolactone kì í lé họ́mónù lọ, etí yẹn ló ń dí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ ṣeré, torí pọ̀tásíọ̀mù tí kò bá ìtọ̀ lọ bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́ lè wá pọ̀ jù, ìyẹn sì léwu fún ọkàn gan-an.