Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé: Kí Ló Dé Tí Àjà Balùwẹ̀ Wa Kì Í Yéé Bu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Olóòtú. Igun àjà balùwẹ̀ wa máa ń bu, ó sì máa ń dúdú. Mo ti fi blíìṣì fọ̀ ọ́, mo kun ọ̀dà tuntun lé e, síbẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń padà yọjú. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Blíìṣì yẹn ṣe ìwọ̀nba tirẹ̀, ó mú àwọ̀ dúdú kúrò lójú àjà. Ṣùgbọ́n irúgbìn ohun tó ń bu yìí, tí ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, wà nínú afẹ́fẹ́ ilé gbogbo, kò sì sí oògùn tí yóò pa á tán. Omi ló ń dúró dè. Bí ibi kan bá sì wà ní tútù fún wákàtí 24 sí 48, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wá orísun omi náà ná. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ooru omi ìwẹ̀ ló ń gbéra lọ sókè, tí ó ń kan igun tó tutù jù, tí ó sì ń di omi padà níbẹ̀. Àmọ́ bí omi bá ń hàn níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò wẹ̀, tàbí tí àbàwọ́n náà bá pọ́n rúsúrúsú létí, páìpù tàbí òrùlé ló ń jò, ẹ tètè pe oníṣẹ́.

Bí fáànù tí ń fa afẹ́fẹ́ jáde bá wà níbẹ̀, ẹ tàn án, kí ẹ sì gbé tíṣù kan sí ẹnu rẹ̀. Bí kò bá fa tíṣù náà mọ́ra, ó lè jẹ́ pé eruku ti dí i. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú bóyá ìta ló ń tú afẹ́fẹ́ sí, nítorí èyí tó bá ń tú u sí òkè àjà kàn ń kó ọ̀rinrin kiri inú ilé ni. Kí ó máa ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́yìn ìwẹ̀, kí àlàfo díẹ̀ sì wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, torí pé afẹ́fẹ́ kò lè jáde dáadáa bí òmíràn kò bá ráyè wọlé. Níbi tí kò bá sí fáànù, ẹ ṣí fèrèsé, àfi bí afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ bá kún fún ọ̀rinrin. Ní tèmi, kí a fi rọ́bà gbá omi ara táìsì sílẹ̀ kí a tó jáde lérè ju ọ̀pọ̀ oògùn olówó gọbọi lọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin, kí ó má kọjá ìdá 60 nínú 100.

Ní ti ọ̀dà, ẹ má kùn ún lé ohun tó bu mọ́, yóò bó ni. Ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀, kí ó gbẹ pátápátá, kí ẹ tó kun ún. Bí ẹ bá sì tún fẹ́ lo blíìṣì, ẹ má ṣe pò ó mọ́ fínígà tàbí ohun tó ní amóníà (kẹ́míkà kan tó máa ń wà nínú àwọn ohun ìfọ̀lé kan), nítorí èéfín rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Bí àjà náà bá jẹ́ pákó tàbí páálí tó ti rọ̀, fífọ̀ kò ràn án mọ́. Ẹ gé ibẹ̀ kúrò, kí ẹ fi tuntun sí i lẹ́yìn tí omi náà bá ti dáwọ́ dúró.