Ìbéèrè Yín Lórí Ọkọ̀: Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀yìn Ìjàpá

*Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Volkswagen Ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi máa ń fò sókè sódò bí mo bá ti wọ kòtò, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti rọlẹ̀ lápá òsì. Mẹkáníìkì mi ní kí n ra ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì, pé gbogbo rẹ̀ á yanjú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? (Òǹkàwé, Abẹ́òkúta)*

Ìdajì rẹ̀ nìkan ló yanjú. Fífò yẹn, ẹjọ́ ṣọ́ọ̀kì ni. Rírọlẹ̀ kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀ rárá.

Ohun tó gbé ẹ̀yìn Ìjàpá dúró ni tọ́ṣọ̀n báà, ọ̀pá irin kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú páìpù ńlá tó dábùú níwájú gíáàbọ́ọ̀sì. Bí táyà bá gun òkè, ọ̀pá náà á lọ́. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, á tú padà. Ṣọ́ọ̀kì kò gbé ẹrù kankan. Tirẹ̀ ni kó dá lílọ́ àti títú yẹn lẹ́kun kí ọkọ̀ má baà máa jó lórí títì. Ẹ̀yìn tó ti rọlẹ̀ kò ní dìde nítorí ṣọ́ọ̀kì ọ́ìlì tuntun. Onígáàsì lè tì í sókè díẹ̀, kò sì ní tọ́jú àìsàn náà.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ táyà méjèèjì dọ́gba, kí ẹ wá fi téèpù wọn láti àárín wíìlì dé etí irin tó bo táyà lókè. Bí òsì bá kúrú ju ọ̀tún lọ, rọ́bà tó wà nídìí páànù tọ́ṣọ̀n báà (irin pẹlẹbẹ tó so orí ọ̀pá náà mọ́ ìdí wíìlì) ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn náà ọ̀pá gan-an. Eyín tó wà ní ìdí ọ̀pá náà nínú lọ́hùn-ún jẹ́ 40, ti orí rẹ̀ níta jẹ́ 44. Bí wọ́n bá yí ti inú ní eyín kan, páànù á yí ní ìwọ̀n 9°. Ti ìta jẹ́ 8°10′. Bí wọ́n bá yí ọ̀kan síwájú tí wọ́n sì yí èkejì sẹ́yìn, ìyàtọ̀ 50′ péré (kò tó 1°) ló máa kù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí gíga tó péye. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fúnra yín. Agbára ṣì wà lára páànù náà kódà nígbà tí táyà bá ń rọ̀ lófuurufú, ó sì lè ta jáde gba èèyàn bí ẹni tó ń tú u kò bá mọṣẹ́.

Ti ṣọ́ọ̀kì ní tirẹ̀ rọrùn láti mọ̀. Ẹ fi gbogbo ara tẹ igun ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀: ó yẹ kó gòkè lẹ́ẹ̀kan kó sì dúró. Bí ó bá ń mì lẹ́yìn ìyẹn, ṣọ́ọ̀kì ti kú. Bí ọ́ìlì bá ń ṣàn láti ọrùn rẹ̀ wá sísàlẹ̀, ó ti kú náà nìyẹn. Ọ̀rinrin fẹ́ẹ́rẹ́ tí eruku lẹ̀ mọ́ kì í ṣe nǹkan.

*Àwọn tó ń ta páàtì ní Ládípọ̀ ń bi mí bóyá ti "swing axle" ni mo fẹ́ tàbí "IRS". Báwo ni mo ṣe máa mọ̀? (Òǹkàwé, Ìkẹjà)*

Irú ẹ̀yìn méjì tí Ìjàpá máa ń ní ni wọ́n. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá rí páìpù nípọn kan láti gíáàbọ́ọ̀sì dé wíìlì, tí bùútù rọ́bà kan ṣoṣo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíáàbọ́ọ̀sì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, swing axle ni. Bí ó bá jẹ́ ọ̀pá tó ń yí ní gbangba, tó ní bùútù rọ́bà méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, IRS ni.

Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ ní Èkó ní 1975, Ìjàpá tí páàtì rẹ̀ ti Brazil wá sì jẹ́ swing axle. Èyí tí wọ́n kó wọlé láti Amẹ́ríkà, láti ọdún 1969 lọ sókè, IRS ni. Bẹ́ẹ̀ ni irú Ìjàpá tí wọ́n ń pè ní 1302 àti 1303 ti Jámánì. Ẹ má gba orúkọ nìkan gbọ́. Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì àtijọ́ lọ sọ́jà, kí ẹ fi wé tuntun: gígùn rẹ̀ nígbà tó pa dé, gígùn rẹ̀ nígbà tó là tán, fífẹ̀ ojú rọ́bà méjèèjì, àti ihò tí bóòtù ń gbà kọjá. Èyí tó kúrú jù á fà já. Èyí tó gùn jù á kanlẹ̀ nínú ara rẹ̀ bí ẹ bá kó èrò sẹ́yìn.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Rárá. Rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì ń gbó bí ọkọ̀ tiẹ̀ dúró sójú kan. Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni kí ẹ rà, irú kan náà.

*Ẹ sọ bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Bóòtù òkè ti dípẹtà, kò mì rárá. (Òǹkàwé, Ìbàdàn)*

Da ọ́ìlì tó ń tú ìpẹtà sí i lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Fi òkúta di táyà iwájú méjèèjì síwájú àti sẹ́yìn, nítorí háńdì búréèkì àti jíà, táyà ẹ̀yìn tí o fẹ́ gbé sókè gan-an ni wọ́n ń dì mú. Tú bóòtù wíìlì díẹ̀ kí o tó fi jáàkì gbé e, kí o sì ti sítáǹdì sábẹ́ etí páìpù tọ́ṣọ̀n báà. Má gbé e láti abẹ́ ẹ́ńjìnnì láé.

Yọ táyà. Fi jáàkì kejì gbé ìdí wíìlì díẹ̀díẹ̀ títí ṣọ́ọ̀kì kò fi ní fa, kò sì ní tì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: bí ẹrù bá wà lára bóòtù, kò ní jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Fojú sí rọ́bà búréèkì, kó má fà.

Bóòtù M12 ni, sípánà 19 ló sábà máa ń dì í, tuntun tí o rà lè gba 18. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ irin inú búṣì (rọ́bà ojú ṣọ́ọ̀kì) kò ní gbọ́ ti òòlù. Má fi iná gáàsì sí i: páìpù epo ń jáde lẹ́bàá gíáàbọ́ọ̀sì. Fi ayùn irin gé e ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ṣọ́ọ̀kì, kí o sì ra bóòtù, nọ́ọ̀tì àti wáṣà tuntun tí nọ́ńbà orí rẹ̀ kò kéré sí ti àtijọ́. Wo ihò tó wà lára ọkọ̀ pẹ̀lú. Bí ó bá ti fẹ̀ di ìrísí ẹyin, wẹ́dà ló kàn, torí ṣọ́ọ̀kì tuntun á máa dún níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ ti ọ́ìlì, gbé e dúró, kí apá ọ̀pá wà lókè, fà á síta tán kí o sì tì í wọlé tán bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún, títí fífà rẹ̀ yóò fi dọ́gba láìsí ibi tó ṣófo. Má fi pílíà di ọ̀pá dídán yẹn: ojú ọgbẹ́ kékeré kan ló máa já rọ́bà rẹ̀. Ti gáàsì á ta síta fúnra rẹ̀, nítorí náà má já okùn tí wọ́n fi dì í kí ìdí kan tó wọ bóòtù.

Ti bóòtù méjèèjì bọ̀ ọ́, fi nọ́ọ̀tì dì wọ́n lọ́wọ́ lásán. Dá táyà padà, sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí o sì ti í síwá-sẹ́yìn ní mítà mélòó kan, nítorí wíìlì swing axle máa ń wọ́ sínú lábẹ́ bí a bá gbé ọkọ̀ sókè, kì í sì í là padà àfi bí ó bá yí. Ìgbà yẹn ni kí o wọ abẹ́ ọkọ̀ di bóòtù náà le, 60 Nm.

*Wọ́n pààrọ̀ ti tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ti ń dún kuu kuu. (Òǹkàwé, Ògbómọ̀ṣọ́)*

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí jáàkì ni wọ́n ti dì í le. Rọ́bà ojú ṣọ́ọ̀kì máa ń lẹ̀ mọ́ irin inú rẹ̀. Bí a bá dì í nígbà tí wíìlì ń rọ̀, á lọ́ pọ̀ bí ọkọ̀ bá ti jókòó, á sì máa ya. Ẹ dẹ bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí táyà, ẹ ti í díẹ̀, kí ẹ tún un dì. Bí ó bá ṣì ń dún, ẹ wò ó bóyá bóòtù náà tín-ín-rín ju ihò búṣì lọ.