Òfin ilé-ẹ̀kọ́ girama pọ̀ lójú ọmọ mi: èwo ni kó kọ́kọ́ mọ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ mi obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì àkọ́kọ́ ní girama ni. Nígbà tó wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan ṣoṣo ló ń kọ́ ọ, olùkọ́ náà sì mọ̀ ọ́n délé. Ní ibi tó wà báyìí, olùkọ́ tó ń wọlé sí wọn lé ní mẹ́wàá, wọ́n sì kó ìwé òfin tó nípọn lé wa lọ́wọ́. Kò tíì pé oṣù kan tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì pé ó pẹ́. Wọ́n tún fún un ní òdo nínú iṣẹ́ àṣetiléwá kan, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣàìsàn lọ́jọ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan, kíláàsì pariwo, wọ́n fìyà jẹ gbogbo wọn, ó ní òun ò lanu rárá. Ọmọ yìí kì í ṣe aláìgbọràn. Nínú gbogbo òfin wọ̀nyí, èwo ni kí n tẹnu mọ́ fún un?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun, màmá. Igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni mí, ọ̀rọ̀ ìwà àti ìgbáyé-gbádùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì wà níkàáwọ́ mi. Irú ẹjọ́ tí ẹ rò yìí ló máa ń kún ọ́fíìsì mi ní sáà àkọ́kọ́. Mo ka ọ̀rọ̀ yín dáadáa, n kò rí ibì kan tí ọmọ yín ti mọ̀ọ́mọ̀ rú òfin. Nǹkan ló ṣẹlẹ̀ sí i, tí kò sì mọ ẹni tó yẹ kó sọ fún, ìgbà tó yẹ kó sọ ọ́, àti ìwé tó yẹ kó mú dání. Nítorí náà, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kó há ìwé òfin yẹn sórí. Ohun tí wọ́n ń ṣe bí nǹkan bá yí bírí ni kí ẹ kọ́ ọ. Òfin á ní kí ọmọ má pẹ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ìwé òfin sọ ohun tí ọmọ tó ti pẹ́ tán máa ṣe.

Ọmọ kékeré tó bá ti rí i pé òun pẹ́, ẹ̀rù ló máa kọ́kọ́ bà á. Á yọ́ gba ẹ̀yìn wọlé, tàbí kó lọ jókòó sí ilé ìtọ̀ títí wọn á fi lu agogo iṣẹ́ kejì. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti ń di ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Tí wọ́n bá ti pe orúkọ nínú rẹ́jísítà tí kò dáhùn, ilé-ẹ̀kọ́ kò mọ̀ bóyá ó wà nílé ni àbí nǹkan ti ṣe é lọ́nà. Ìdí tí a fi ń le mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ́jísítà nìyẹn, kì í ṣe pé a kàn fẹ́ràn ìwé kíkọ.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò ju èyí lọ: kó lọ tààrà sí ibi tí wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn tó pẹ́, kó sọ orúkọ àti kíláàsì rẹ̀, kó sọ ìdí tó fi pẹ́ ní gbólóhùn kan, kó gba bébà tí wọ́n bá fún un. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, kó kan ilẹ̀kùn, kó dúró kí olùkọ́ parí ohun tó ń sọ. Lẹ́yìn náà ló máa wá sọ pé: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ìwé mi rèé." Ó ti parí, kó lọ jókòó. Kó má ro ẹjọ́ ọkọ̀ àti òjò lójú gbogbo kíláàsì. Ẹ jẹ́ kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ gbólóhùn yẹn nílé bí ìgbà mélòó kan. Ó lè pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọmọ tó ti sọ ọ́ rí kì í kálòlò lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ti pípẹ́ fúnra rẹ̀, alẹ́ ni ẹ ti máa rí ojútùú rẹ̀. Kí ọmọ mú àtẹ àkókò iṣẹ́ ọjọ́ kejì síwájú, kó máa fi ìka tọ́ ọ láti òkè délẹ̀, kó sì máa kó ìwé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú báàgì bó ṣe ń kàn án. Ọmọ tó bá ń wá ìwé ìṣirò láàárọ̀ ti pẹ́ ná. Àwọn dókítà onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà gbé ìmọ̀ràn kan jáde lọ́dún 2016 pé kí ọmọ ọdún 6 sí 12 máa sun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́, kí ọmọ ọdún 13 sí 18 sì máa sun wákàtí 8 sí 10. Ẹ ka wákàtí yẹn sẹ́yìn láti ìgbà tó gbọ́dọ̀ jí, ẹ ó rí i pé aago tó yẹ kó wọ ibùsùn yá ju bí púpọ̀ nínú wa ṣe rò lọ.

Òdo yẹn wá ńkọ́? Níbí ni girama ti yàtọ̀ sí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Nígbà tí olùkọ́ kan ló ń kọ́ gbogbo iṣẹ́, tí ẹ bá ti sọ fún un pé ara ọmọ kò yá, gbogbo iṣẹ́ ti gbọ́ nìyẹn. Ní girama, olùkọ́ kíláàsì lè mọ̀ pé ọmọ yín ṣàìsàn, kí olùkọ́ ìṣirò má gbọ́ nǹkan kan. Ohun tí olùkọ́ ìṣirò rí kò ju pé àwọn tó kù fi ìwé sílẹ̀, ọmọ yín kò fi tirẹ̀ sílẹ̀. Òdo ló máa kọ, kò sì fi ìkà ṣe é.

Tí ọmọ kò bá ní lè wá, ẹ pe ilé-ẹ̀kọ́ tàbí kí ẹ ránṣẹ́ sí wọn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ tó bá padà, ẹ kọ ìwé lé e lọ́wọ́. Kò ní láti gùn. Irú èyí tí mo máa ń fẹ́ rí rèé:

"Sí olùkọ́ kíláàsì. Ọmọ mi (orúkọ àti kíláàsì rẹ̀) kò wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun nítorí pé ara rẹ̀ gbóná. Ara rẹ̀ ti yá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jẹ́ kó gba àwọn iṣẹ́ tí kò sí níbẹ̀ fún. Ẹ ṣeun." Kí orúkọ yín, nọ́ńbà fóònù yín, ìfọwọ́sí àti déètì wà nísàlẹ̀.

Ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ ọmọ. Kó wo àtẹ àkókò iṣẹ́ ọjọ́ tí kò wá, kó kọ orúkọ gbogbo iṣẹ́ tó bọ́ sí ọjọ́ náà, kó sì lọ bá olùkọ́ kọ̀ọ̀kan: "Mà, mi ò wá lọ́jọ́ Ajé, ara mi ò yá. Kí ni mo pàdánù, ọjọ́ wo ni kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀?" Àárín ìsinmi ló dára jù, tàbí kété tí iṣẹ́ bá parí. Kò bójú mu kó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè nígbà tí olùkọ́ ti ń kọ nǹkan sójú pátákó. Bó bá lè ní ọ̀rẹ́ kan tí yóò máa yá a ní ìwé kọ, tí òun náà yóò máa yá ọ̀rẹ́ ọ̀hún, iṣẹ́ olùkọ́ àti tirẹ̀ á dínkù.

Ìyà tí wọ́n fi jẹ gbogbo kíláàsì, kí n má parọ́ fún yín, n kì í fara mọ́ ọn. Ó ń fìyà jẹ ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, ó sì ń fún ẹni tó pariwo ní ibi ìfarapamọ́. Síbẹ̀, kí ọmọ yín má jà á níyàn lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ tí inú ń bí níwájú ogójì ọmọ kò sí ní ipò tí ó ti lè gbọ́ àlàyé. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí òun nìkan lọ, láìkó ọ̀rẹ́ lẹ́yìn: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Nígbà tí kíláàsì ń pariwo, mo ń kọ ìwé lọ́wọ́, mi ò sí nínú wọn." Kó má dárúkọ ẹni tó pariwo bí wọn kò bá bi í. Bí kò bá yanjú, olùkọ́ kíláàsì ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ olùdámọ̀ràn, kó tó kan èmi àti ẹ̀yin òbí. Tí òbí bá gba ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà lọ tààrà nítorí ariwo kíláàsì, ọ̀rọ̀ náà á kàn tún sọ̀kalẹ̀ padà sọ́dọ̀ olùkọ́ tí wọ́n fò dá, inú rẹ̀ kò sì ní dùn mọ́.

Ohun kan wà tí kì í tẹ̀lé ètò yẹn. Bí ẹnikẹ́ni, olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́, bá fọwọ́ kan ọmọ ní ọ̀nà tí kò yẹ, tó lù ú nílùkulù, tó ń gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ọn pé kó má sọ, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ̀yin àti òun wá bá àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1989, sọ ní abala 28 pé ìbáwí ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ bá iyì ọmọ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn mu. Abala 12 sì fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ pé kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tó kàn án. Kí ẹ tó wá, ẹ jẹ́ kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe rántí rẹ̀: ọjọ́ wo, ibo, ta ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ wo gan-an ni wọ́n sọ. Ẹ má bá a tún un kọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ ní èdè ọmọ wúlò fún wa ju èyí tí àgbàlagbà tò lọ.

Ẹ ó tún ti rí ọ̀rọ̀ bíi "òtítọ́", "ọ̀wọ̀" àti "ojúṣe" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọ ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ ni. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ bi í ohun tó jọ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Òtítọ́, fún àpẹẹrẹ, kan iṣẹ́ àṣetiléwá. Bí ọ̀rẹ́ bá ṣàlàyé ìṣirò kan fún un tó sì wá ṣe é fúnra rẹ̀, kò sí ìjà. Bó bá gba ìwé ọ̀rẹ́ tó dà á kọ, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi, ẹni tó yáni níwèé náà kò bọ́ níbẹ̀. Ohun tí ChatGPT, ètò kọ̀ǹpútà tó ń kọ ìdáhùn fúnni, bá kọ, tí ọmọ wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí, bákan náà ni. Ohun tí èmi fi ń dán an wò ni pé kí ọmọ pa ìwé dé, kó ṣàlàyé fún mi bó ṣe dé ibi ìdáhùn. Ẹ lè ṣe é nílé.

Yunifọ́ọ̀mù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sínú gbogbo aṣọ àti bàtà, torí ẹrù tí kò lórúkọ kì í sábà padà sílé. Ní yàrá sáyẹ́ǹsì, kò gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan, kó di irun rẹ̀ sẹ́yìn, bí ìgò bá sì fọ́, kó sọ fún olùkọ́ kíá, kó má fọwọ́ ṣà á. Fóònù ni òbí máa ń bá wa jà lé lórí jù. Ẹ wo ohun tí ìwé òfin tiyín sọ, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì. Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ìjọba ni wọ́n fi kà á léèwọ̀ fún àwọn ọmọ tó wà ní irú ipele yìí lọ́dún 2018. Bí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì bá wà nílé, ọ́fíìsì ni kí ẹ pè, ẹnì kan á lọ pè é nínú kíláàsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ọmọ lórí fóònù láàárín iṣẹ́, kí ẹ wá bínú pé wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí ẹ tó sùn lónìí, ẹ béèrè orúkọ olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá mọ̀ ọ́n, kó kọ ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà yín sí ẹ̀yìn àtẹ àkókò iṣẹ́ rẹ̀. Òdo yẹn ṣì ṣeé bẹ̀bẹ̀ fún: ẹ kọ ìwé nípa àìsàn yẹn, kí ó fúnra rẹ̀ mú un lọ bá olùkọ́ iṣẹ́ náà pẹ̀lú iṣẹ́ tó ti ṣe parí, kó sì jẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí, kí wọ́n tó kó máàkì sínú ìwé èsì.