Ẹ́ńjìnnì Ìgégi Mi Ń Kú Tí Mo Bá Ti Tẹ Tọ́tù

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé sí yín, igi ni mò ń gé jẹun, mo ń la pákó nínú oko lápá Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, igi tó bá sì wó lé òrùlé ẹni lẹ́yìn òjò, èmi náà ni wọ́n máa ń pè. Ẹ́ńjìnnì mi ló ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Tí mo bá fà á lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì ó ti dáhùn, sìlóò ẹ̀ (bó ṣe ń rọra ṣiṣẹ́ láìtẹ nǹkan kan) dáa, àmọ́ kí n kàn tẹ tọ́tù tó ń mú un sáré báyìí, á ní "wùùùù", ohùn ẹ̀ á lọ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ìgbà míì á rọ́jú gbéra, tó bá wá wọnú igi ló kú yẹn. Mẹkáníìkì kan pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó tún fi sikurú-díráfà yí sikúrù ara kabúrétọ̀ (ibi tí bẹntiróòlù àti atẹ́gùn ti ń pò) títí, ó dáa fọ́jọ́ kan, ó tún padà síbi tó wà. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé tí mo bá fa ṣóòkù dé ìdajì, ó máa ń ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ìyá kan tí mo ti gbowó lọ́wọ́ wọn lórí igi arère mẹ́ta ti wá ṣe òṣómàáló níwájú ilé mi lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Ẹ gbà mí.

Ìdáhùn: Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o, ta ni ò mọ òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà, tó bá ti lóṣòó síwájú ilé ẹni, àfi kéèyàn yáa wá owó. Ọ̀rọ̀ ṣóòkù tó o fi parí yẹn ló yẹ kó o fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló tú àṣírí gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ ṣóòkù ni kó dín atẹ́gùn kù kí bẹntiróòlù lè pọ̀ sí i. Tí ẹ́ńjìnnì bá wá ń gbádùn ṣóòkù nígbà tó ti gbóná, á jẹ́ pé ebi ló ń pa á, yálà bẹntiróòlù ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tó, tàbí atẹ́gùn ń yọ́ wọlé láti ibi tí kò yẹ.

Jọ̀ọ́, má fi ṣóòkù ìdajì yẹn parí iṣẹ́ ìyá o. Ẹ́ńjìnnì tú-sitirókù bíi tìẹ yìí ò ní ọ́ìlì míì nínú, ọ́ìlì tó o pò mọ́ bẹntiróòlù yẹn náà ló ń ra písítìn lára, torí náà ọjọ́ tí bẹntiróòlù ò bá tó, ọ́ìlì náà ò tó nìyẹn, písítìn á máa ha ògiri sìlíńdà, tó bá ti ha á tán, kabúrétọ̀ tuntun mẹ́wàá ò lè wò ó sàn. Kó o tó náwó kankan rárá, tú sàìlẹ́ńsà, kó o fi tọ́ọ̀ṣì wo písítìn láti ojú ihò tí èéfín ń gbà jáde. Tó bá ń dán, tó jọ̀lọ̀, dúpẹ́, máa bá iṣẹ́ lọ. Tó o bá rí i pé ó ti ha láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí ológbò fi èékánná fa nǹkan ya, ọ̀rọ̀ ti di ti písítìn, ríǹgì àti bóyá sìlíńdà.

Táǹkì ni kó o ti bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀fẹ́ nibẹ̀. Ṣé o rántí agolo mílíìkì, tó o bá lu ihò kan ṣoṣo, ṣe ló máa ń kán tó-tó-tó, àfi tó o bá lu ìkejì lódìkejì kí atẹ́gùn lè wọlé? Bí táǹkì ẹ náà ṣe rí nìyẹn, ó ní ibi kékeré tó fi ń mí, tí lẹ́búlẹ́bú pákó àti ọ́ìlì bá ti dí i pa, bẹntiróòlù ò ní lè jáde bó ṣe yẹ. Tó bá tún ti ń ṣe "wùùù" yẹn, pa á, jẹ́ kó tutù díẹ̀, rọra tú ìdérí táǹkì, tó o bá gbọ́ "ṣììì" bí ẹni fa èémí wọlé, dé e padà, fà á, tó bá wá ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó tún bẹ̀rẹ̀, o ti mú olè. (Má tú u nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ o, sàìlẹ́ńsà tó gbóná àti bẹntiróòlù kì í ṣọ̀rẹ́.)

Tí kì í bá ṣe ìyẹn, mú wáyà háńgà, tẹ ẹnu ẹ̀ kọdọrọ, fi wọ́ ọ́ọ̀sì jáde látinú táǹkì. Fílítà kékeré kan wà lórí ẹ̀. Èmi kì í fọ̀ ọ́, mo máa ń pààrọ̀ ẹ̀ ni, kò wọ́n. Wo ọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀ náà, pàápàá ibi tó ti gba ara táǹkì kọjá, róbà tó bá ti pẹ́ nínú bẹntiróòlù máa ń le, á sán, atẹ́gùn á máa bá bẹntiróòlù wọlé pọ̀, ojú lásán ò sì ní rí i àfi tó o bá tẹ̀ ẹ́ kọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan kabúrétọ̀. Nínú ẹ̀, asẹ́ tíńtín kan wà níbi tí bẹntiróòlù ń gbà wọlé, ìdọ̀tí tó bá sá mọ́ fílítà lọ́wọ́ níbẹ̀ ló máa ń sùn. Róbà pẹlẹbẹ kan tún wà níbẹ̀ tó ń mí sókè sódò, òun ló ń pín oúnjẹ fún ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kó rọ̀ bí ọ̀rá. Tó o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ tó ń ró bí ewé gbígbẹ, ó ti kú nìyẹn, ra kíìtì ẹ̀, kó o pààrọ̀ gbogbo róbà àti gáàsikẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín máa ń gbé kabúrétọ̀ lọ sọ́dọ̀ fọganáísà pé kó fi atẹ́gùn fẹ́ ẹ, kò burú, àmọ́ ẹ yọ róbà yẹn kúrò ná, èmi náà ti bẹ́ ọ̀kan rí nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Tí gbogbo ìyẹn bá mọ́ tí kò yí padà, wo róbà tó so kabúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì, àti àwọn ọ́ìlì síìlì (róbà tó dí etí irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì). Àmì wọn ni pé sìlóò á máa lọ sókè á máa wálẹ̀, tó o bá fi tọ́tù sílẹ̀ ohùn ẹ̀ ò ní tètè rọlẹ̀. Ìyẹn ti kúrò ní iṣẹ́ abẹ́ igi, gbé e lọ ibi tí wọ́n ti ní ohun tí wọ́n fi ń fún atẹ́gùn sínú ẹ̀ láti wá ibi tó ń jò.

Sikúrù ló kẹ́yìn. Mẹkáníìkì ẹ ò jẹ̀bi púpọ̀, ó kàn ń fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun ẹ̀ dí lóúnjẹ sí i ni. Nínú àwọn sikúrù ara kabúrétọ̀, èyí tí wọ́n kọ L sí ló ń bójú tó sìlóò àti ìgbà tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ tọ́tù, H ni ti eré gidi, tó o bá yí wọn sápá ọ̀tún bẹntiróòlù ń dín kù nìyẹn. Ọ̀pọ̀ kabúrétọ̀, èèyàn máa rọra yí i wọlé títí á fi kanlẹ̀, má fún un o, kó o wá tú u síta ní ìyípo kan gbáko, ibẹ̀ lo ti máa tún un ṣe. Etí ni mo fi ń mọ H: tó o bá tẹ tọ́tù dópin láìgé nǹkan kan, ó yẹ kó máa kólòlò díẹ̀, tó bá wọnú igi kí ohùn ẹ̀ là. Èyí tó ń han geere láìtíì gé nǹkan, tó ń dùn létí yẹn, òun ló máa ń jóná.

Ìbéèrè: Àgbẹ̀ kòkó ni mí lápá Ifẹ̀tẹ̀dó, ọmọ mi ló ń bá mi kọ ọ́. Ẹ́ńjìnnì tèmi wúwo, kì í fẹ́ sáré, èéfín ẹ̀ pọ̀, púlọ́ọ̀gì ẹ̀ dúdú ó sì tutù. Ojú ni mo fi ń wọn ọ́ìlì.

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú oko o. Tiyín ò jọ ti èkíní, àjẹyó ló ń bá tiyín jà. Ẹ fọ fílítà atẹ́gùn lákọ̀ọ́kọ́, ẹ wá yọ asẹ́ ẹnu sàìlẹ́ńsà, ó máa ti dí fún èédú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á. Ọ́ìlì tú-sitirókù gidi ni kẹ́ ẹ rà, kì í ṣe ti mọ́tò. Tí ìwé ẹ̀ bá ní 50:1 (ọ́ìlì ìwọ̀n kan sí bẹntiróòlù ìwọ̀n àádọ́ta), 20 ml ọ́ìlì sí lítà bẹntiróòlù kan, ẹ ra síríǹjì ńlá ní kẹ́mísì. Tó bá jẹ́ ayé àtijọ́ tí ìwé ẹ̀ ní 25:1, 40 ml ni. Èyí tẹ́ ẹ ti pò láti oṣù tó kọjá, ẹ má rọ ọ́ sí i mọ́.

Ìbéèrè: Modákẹ́kẹ́ ni mo wà. Tèmi ń pariwo dáadáa, kì í kú, àmọ́ kì í jẹ igi, igi á máa rú èéfín.

Ìdáhùn: Wo ohun tó ń dà sílẹ̀. Tó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú bí èlùbọ́, eyín ṣéènì ẹ ti kú, fi fáìlì tó bá a mu lọ̀ ọ́, iye ìgbà kan náà sí eyín kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa gé wọ́. Wò ó bóyá búréèkì ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ tú, kó o sì gbé ẹnu ẹ̀ sókè kúkúté, tẹ tọ́tù: tí ọ́ìlì ṣéènì ò bá ta sára kúkúté, ihò ọ́ìlì ti dí nìyẹn.