Má tíì fagi lé e

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ. O ní kó o tó kúrò ní Ìyìn wá sí Adó, o máa ń kọ gbogbo ohun tó o fẹ́ rà sínú fóònù, síbẹ̀ o ò délé rí kí nǹkan méjì mẹ́ta má ṣẹ́ kù. O ní ti ilé ìwé tó o ti ń kọ́ àwọn ọmọ tún burú jù, pé ńṣe ni lísìtì iṣẹ́ rẹ ń gùn sí i lójoojúmọ́. Àwọn kan ti ní kó o wá áàpù mìíràn. Kì í ṣe áàpù ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kì í sì í ṣe ọpọlọ rẹ. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ti ṣe mí rí, ó ná mi lówó, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba orúkọ mi jẹ́.

Alásè ni mí. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń se oúnjẹ òde l'Adó níbí: ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìkómọ, ìwúyè. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, wọ́n gbé iṣẹ́ ìsìnkú ìyá àgbà kan fún mi ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkọ̀lé. Iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí fún ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ni wọ́n fẹ́. Mo kọ ohun tí mo fẹ́ rà sílẹ̀ dáadáa. Lọ́jọ́bọ̀, mo ra ẹ̀gúsí bíbó kóńgò mẹ́wàá l'Ọ́jà Ọba, mo fagi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, mo sì gbé e fún ẹlẹ́rọ kó bá mi lọ̀ ọ́. Èrò pọ̀ níwájú mi. Mo ní kí n lọ wo ẹran ná, n óò padà wá gbà á. Ibi ẹran ni mo wà tí wọ́n fi pè mí pé ọkọ̀ ti dé. Kí n tó wọlé sọ́kọ̀, mo ka ìwé náà látòkè délẹ̀, kò sí ohun kan níbẹ̀ tí n kò tíì fagi lé. Ọkàn mi balẹ̀.

Aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Ẹtì la gbé ìkòkò kaná. Epo ti yọ́, àlùbọ́sà ti ń dún nínú rẹ̀, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ bá dìde láti lọ bu ẹ̀gúsí wá. Ó tú àpò kan, ó tú òmíràn. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó dúró sáàárín ẹrù, ó gbá igbá òfìfo mọ́ àyà, kò lè wò mí lójú. Kó tó lanu ni mo ti mọ ibi tí ẹ̀gúsí wà: lórí pákó ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́rọ, l'Adó, nínú ike aláwọ̀ ewé tí mo fọwọ́ ara mi dé lérí.

Ọjà ọrọọrún ni wọ́n ń ná níbẹ̀, ọ̀túnla ni ọjà wọn. A ń kan ilẹ̀kùn kiri lóru, a rí kóńgò mẹ́ta, àìbó ni. Àwọn obìnrin ilé jókòó, wọ́n ń fi iná tọ́ọ̀ṣì bó o. Ẹ̀fọ́ ni mo fi gbé ìyókù dúró. Àwọn àlejò jẹun, kò sẹ́ni tó bá mi jà. Ṣùgbọ́n àkọ́bí olóògbé wá wo inú ìkòkò, ó ní, “Ẹ̀gúsí ni màámi fẹ́ràn jù, mà.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì owó iṣẹ́ mi ni mo dá padà fún wọn, ọ̀rọ̀ yẹn kò sì tíì kúrò létí mi.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo jókòó ti ìwé náà. “Ẹ̀gúsí” ni mo kọ, mo ra ẹ̀gúsí lóòótọ́, mo sì fagi lé e. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ṣì í. Iṣẹ́ mẹ́rin ni ẹ̀gúsí: ká rà á, ká lọ̀ ọ́, ká gbà á lọ́wọ́ ẹlẹ́rọ, ká gbé e sínú ọkọ̀. Ọ̀kan péré ni mo ṣe tán tí mo ti fagi lé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Látìgbà náà, mi ò kọ orúkọ nǹkan lásán mọ́. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ nìyí: “Ẹ̀gúsí, kóńgò 10: rà, lọ̀, gbà, ọkọ̀.” Bí mo bá ṣe ọ̀kan, ọ̀kan yẹn ni mò ń fa ìlà sí. Orúkọ ẹ̀gúsí fúnra rẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kàn án títí yóò fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò tí mo fẹ́ fi sè é. Ìrẹsì tí mo bá rà ní Ìgbẹmọ náà nìyẹn: rà, ṣà, ọkọ̀, nítorí bí n kò bá kọ “ṣà” sí i, ẹnu àlejò ni òkúta yóò ti jáde. Bí ó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ni yóò ṣe é, orúkọ onítọ̀hún ni mò ń kọ sí iwájú rẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ni o, mi ò kọ ti ẹni méjì rí, torí bí a bá fi í lé ẹni méjì lọ́wọ́, oníkálukú yóò rò pé ẹnì kejì ti ṣe é.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ojú mi ni ìyá mi ti ń ṣe é láti kékeré. Kò mọ̀wé. Èédú ló fi ń fa ìlà sára ògiri ilé ìdáná fún àwọn tó bá ra epo àwìn lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fẹ́ lọ sọ́jà, á kọ́kọ́ ṣí gbogbo ìkòkò wò, á gbọn kẹ́gì epo, á ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ àpò gààrí. Ó máa ń sọ pé “ulé”, ìyẹn ilé lédè Èkìtì wa, lọjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá rí pé ó ti tán, á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan fún un, á so gbogbo rẹ̀ mọ́ ìṣẹ́tí aṣọ. Nínú ọjà, kì í sọ òkúta nù nígbà tó bá sanwó. Àfi bí nǹkan náà bá wọ inú agbọ̀n rẹ̀ ló tó ń ju òkúta rẹ̀ nù. Mo rò pé ìwà àgbà lásán ni.

Nítorí náà, má ṣe jókòó sínú ọkọ̀ kó o máa ronú ohun tó tán nílé. Dìde lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lọ sí ilé ìdáná, fojú rí i, fọwọ́ kàn án, kó o tó kọ ọ́. Kọ iye rẹ̀ pẹ̀lú. “Ata” kò tó, “rodo, abọ́ méjì” ló yẹ kó o kọ. Kó o sì tò ó bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe máa rìn nínú ọjà. Èmi máa ń fi tòmátì sí ìparí kí iṣu má bàa tẹ̀ ẹ́ fọ́.

Ní ti fóònù, ìwé ni mo fẹ́ràn jù, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ. Fóònù yẹn náà lo fi ń sanwó, òun náà ni ọkọ ń pè ọ́ sí, bátìrì rẹ̀ sì lè kú kó o tó dé ọ̀dọ̀ aláta. Mo máa ń fi pín-ìnnì há ìwé mi mọ́ èjìká bùbá. Bí ọwọ́ mi bá tutù, ojú mi ṣì ń rí i.

Ó wá ku ti ibi iṣẹ́ rẹ. Wo ohun tó ti pẹ́ jù lórí lísìtì yẹn. Ó dá mi lójú pé orúkọ lásán lo kọ síbẹ̀: “máàkì àwọn ọmọ JSS2”, bí àpẹẹrẹ. Ẹ̀gúsí tèmi nìyẹn. Boyá ìwé ìdánwò ṣì wà lọ́wọ́ olùkọ́ mìíràn, boyá o kò tíì rí ìdáhùn tó o máa fi máàkì. Bó o bá kọ “gba ìwé lọ́wọ́ Bùọ̀dá Ṣọlá ní aago ìsinmi”, ìṣẹ́jú márùn-ún lo máa fi ṣe é, ìyókù á sì tẹ̀ lé e. Má kọ ju mẹ́rin irú rẹ̀ lọ fún ọjọ́ kan. Àwọn tó kù, fi wọ́n sí ojú ewé mìíràn tí o kò ní máa wò láàárọ̀.

Kọ èyí tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lára wọn síbí, jẹ́ ká jọ tú u. Ìkómọ ni mò ń sè fún lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ti ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ dé, n óò wò ó.