Kí ló dé tí òṣùpá fi ń funfun báláú nínú fọ́tò mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo ra lẹ́ǹsì 300mm láti máa fi ya òṣùpá, àmọ́ ohun roboto funfun báláú ló ń jáde. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n gbé ISO (nọ́ńbà tó ń mú kí àwòrán mọ́lẹ̀ sí i) dé 6400, kí n jẹ́ kí kámẹ́rà ṣí fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, torí pé alẹ́ ni. Ńṣe ló tún burú sí i. Ó wá ní àfi kí n ra 600mm. Ṣé ó máa gbé òrùka pílánẹ́ẹ̀tì Sátọ̀nù jáde?

Ìdáhùn: Má tíì ra nǹkan kan. Lẹ́ǹsì rẹ ò ṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ "alẹ́ ni, ìmọ́lẹ̀ ò tó" yìí ti sú mi, torí àwọn tó ń fi tajà kò jáwọ́. Irọ́ ni. Ibi tí ìwọ dúró sí nilẹ̀ ti ṣú. Oòrùn ń ràn sí òṣùpá lára bó ṣe ń ràn sórí àpáta Olúmọ lọ́sàn-án gangan. Ọ̀sán lò ń yà! Ta ló ń ṣí kámẹ́rà fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún lọ́sàn-án? Bí o bá fi kámẹ́rà sí auto, kó máa yan fúnra rẹ̀, ojú ọ̀run dúdú tó gba gbogbo àwòrán ni yóò máa wò, á sì gba ìmọ́lẹ̀ lágbàjù.

Yí kámẹ́rà sí M, kí ìwọ fúnra rẹ máa yan nọ́ńbà. ISO 100, f/11 (bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó), 1/125 (ìdá kan nínú 125 ìṣẹ́jú-àáyá ni kámẹ́rà á fi ṣí). Tó bá ṣì mọ́lẹ̀ jù, 1/250. Bó bá jẹ́ ìdajì òṣùpá, 1/60 tàbí 1/30. Kámẹ́rà yàtọ̀ síra, ọyẹ́ sì máa ń fi eruku bo ojú ọ̀run, nítorí náà má sọ nọ́ńbà wọ̀nyí di òfin. Gbé e lé tírípọ́ọ̀dù, sọ àwòrán di ńlá lójú ẹ̀yìn kámẹ́rà, kí o fọwọ́ yí lẹ́ǹsì títí etí òṣùpá á fi mú ṣáṣá. Ìdajì òṣùpá ni kí o sì yà, kì í ṣe àrànmọ́jú: ní ààlà ìmọ́lẹ̀ òun òkùnkùn, òjìji máa ń gùn, kòtò á hàn kedere.

Ìgbà tí òjìji ayé bá bo òṣùpá pátápátá nìkan, bíi ti September 7, 2025, ni ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tọ́.

Lóòótọ́, 600mm á sọ òṣùpá di ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n funfun báláú náà ni yóò ṣì jẹ́. Ti Sátọ̀nù, gbàgbé ẹ̀: lójú wa, òrùka rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú ogójì òṣùpá. Awò ìràwọ̀ gidi ló ń ṣe ìyẹn. Àmọ́ òṣùpá mẹ́rin tí Galileo rí lára Júpítà ní 1610, 300mm rẹ á mú wọn: ISO 800, f/5.6, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Júpítà fúnra rẹ̀ á funfun, kò burú.

Jọ̀ọ́, má kọ lẹ́ǹsì yẹn sí oòrùn láìsí àsẹ́ tí wọ́n dìídì ṣe fún oòrùn níwájú rẹ̀. Ó lè ba kámẹ́rà jẹ́, ó sì lè fọ́ ojú ẹni.

Bí o bá ti san àsansílẹ̀ fún 600mm, lọ gba owó rẹ padà.